Bí Mo Ṣe Rí I Ni Mo Gbà Á

Aago 6:20 àárọ̀. Sátidé ni, nínú oṣù kọkànlá. Ní Badore, lẹ́yìn ilé kan tí odò tóóró ti ya wọlé láti ọ̀sà Èkó, ọkùnrin kan dúró nínú ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ fáíbà ni, funfun, ẹsẹ̀ bàtà 23 ní gígùn, ìlà búlúù méjì lára rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 75 ló wà ní ìdí rẹ̀. Ọkùnrin náà fi àkísà nu ìjókòó, ó nu gíláàsì, ó nu ibi tí omi òjò dúró sí. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì ẹ̀yìn ń wò ó láti orí àga rẹ̀.

Ní 6:35, ó ṣáná sí ẹ́ńjìnnì náà. Kò tètè dáhùn. Ìgbà kẹrin ló tó gbà, èéfín funfun sì bo ojú omi.

Ní 6:44, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú ọkọ̀ náà. Ohùn tín-ín-rín ni, kò sì dáwọ́ dúró. Ọkùnrin náà pa ẹ́ńjìnnì. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ní ìbàdí. Lẹ́yìn náà ó wọlé lọ, ó sì padà pẹ̀lú rólù téèpù dúdú kan. Ó ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó tẹ orí wọ inú rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Ní 7:05, ó tún ṣáná. Ẹ́ńjìnnì ń lọ, ohun kankan kò ké. Ọlọ́dẹ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, ó ń wá àmàlà àárọ̀.

Aago 7:40. Ìyá ẹlẹ́ja kan láti Bàyékú sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò ní èbúté Badore. Ẹni ọdún 58 ni. Atukọ̀ kan tẹ̀ lé e, ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 14. Látìgbà tí ìyá yìí ti ń ra ẹja ní Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ àyálò ló ń wọ̀. Olówó ọkọ̀ á gba tirẹ̀, atukọ̀ á gba tirẹ̀, epo á gba tirẹ̀. Owó àjọ ló fẹ́ fi ra ọkọ̀ funfun náà. Ẹlòmíràn ló júwe ọkọ̀ náà fún un: òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan ní Victoria Island ló ni ín, ó máa ń fi gbé ìdílé rẹ̀ ṣeré lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n sì ń kó lọ sí Kánádà nínú oṣù kìíní.

Ní 7:52, wọ́n ti dé ẹ̀yìn ilé náà. Atukọ̀ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìdérí ẹ́ńjìnnì. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó wo olówó ọkọ̀, ó wo ìyá. Ọ̀gá ń bá ìyá sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Atukọ̀ gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, kò sì sọ nǹkan kan. Ọmọdé kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà níbi òwò. Ìyẹn dára nínú ilé, kò dára létí omi.

8:03. Ọ̀gá yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́. Atukọ̀ kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ihò kékeré kan ní ìdí ẹ́ńjìnnì ló ń wò, ibi tí omi tó ti yí ká inú ẹ́ńjìnnì láti tù ú lára ń gbà tú jáde. Gbogbo atukọ̀ ọ̀sà ló máa ń kọ́kọ́ wo ibẹ̀. Omi ń jáde, àmọ́ ó ń ro ni.

"Ọ̀gá, omi yìí kéré o."

"Ọ̀rá ló dí i. Ẹ ò rí bí ọ̀rá ṣe pọ̀ nínú omi yìí ni? Rọ́bà inú pọ́ǹpù rẹ̀, oṣù tó kọjá ni mo pààrọ̀ ẹ̀."

Ó ṣẹ́ ìgbálẹ̀ kan, ó tì í bọ ihò náà, ó yí i. Omi tú jáde pẹ̀lú agbára, ó ta sí bàtà atukọ̀. Gbogbo wọn rí i. Ní 8:07, ọ̀gá pa ẹ́ńjìnnì.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ìyá kò mọ ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ó mọ ọkọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ìka gbá ara ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn bí ẹni tó ń ra igbá lọ́jà. Ó ní kí wọ́n gbé pákó ìsàlẹ̀ sókè. Ó fi ọwọ́ kan ibẹ̀, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀. Kò sí ibi tó ń jò. Ó béèrè láífù jákẹ́ẹ̀tì. Mẹ́ta ló wà, ọ̀kan ti sọ ìdè rẹ̀ nù. Kò béèrè ìdákọ̀ró.

8:40. Wọ́n jókòó sí bárańdà. Ọ̀gá mú ìwé jáde, ìlà mẹ́rin péré. Orúkọ ẹni tó tà, orúkọ ẹni tó rà, iye owó: ₦3,800,000. Ìlà kẹrin ló gùn jù: mo ti yẹ ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì wò, bí mo ṣe rí i ni mo gbà á, kò sí ìdápadà owó. Ọ̀gá kà á sókè fún ìyá kí ó tó fún un ní bírò. Ohùn rẹ̀ kò yí padà nígbà tó dé ìlà kẹrin. Ìyá fọwọ́ sí i. Atukọ̀ fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Ní 8:58, fóònù ọ̀gá dún. Owó ti wọlé.

Ní 9:30, wọ́n ra epo. Kéègì lítà 25 méjì, wọ́n sì da ọ́ìlì ìdajì lítà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹ́ńjìnnì irú èyí kò ní ibòmíràn tó ti ń rí ọ́ìlì mu àfi inú epo. Atukọ̀ gbọn kéègì dáadáa. Iṣẹ́ rẹ̀ yé e.

10:05. Ọkọ̀ kọ orí sí ìlà oòrùn. Ó fúyẹ́, ó ń fò lórí omi. Atukọ̀ bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì, omi ń tú jáde dáadáa. Ọmọ-ọmọ ìyá ya fọ́tò. Wọ́n gúnlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ní 11:25.

Ọjà Olúwo kún. Ìyá ra àrọ̀, ó ra ọ̀bọ̀kún, ó ra èpìyà. Ó ra yìnyín. Àwọn ẹlẹ́ja ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde wá wo ọkọ̀, wọ́n súre, ọ̀kan wọ́n omi sí i lórí. Kúlà ńlá mẹ́fà ni wọ́n kó sínú ọkọ̀.

2:35 ọ̀sán. Wọ́n kúrò ní Ẹ̀pẹ́. Ọkọ̀ ti wúwo. Imú rẹ̀ kò gbéra kúrò nílẹ̀ omi bíi ti àárọ̀, atukọ̀ sì ní láti fún un ní iná púpọ̀ kí ó tó lè rìn.

3:20. Ewéko bo ojú ọ̀sà níwájú wọn, àwọ̀ ewé lọ súà, òdòdó àlùkò kọ̀ọ̀kan lórí rẹ̀. Atukọ̀ dín iná kù. Ọkọ̀ ń rá pálá láàárín ewéko. Ó dìde dúró kí ó lè rí ọ̀nà, ojú rẹ̀ wà níwájú. Ẹ̀yìn ni ọmọ jókòó sí. Ó na ọwọ́ sí ibi tí omi ti ń jáde lára ẹ́ńjìnnì, ó ń fi ṣeré.

3:34. "Ìyá àgbà, omi yìí gbóná o."

"Oòrùn ni."

3:41. Ọmọ náà tún na ọwọ́. Kò sí omi mọ́. Èéfín díẹ̀ ló ń jáde níbẹ̀. Kò sọ ọ́. Wọ́n ti dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan.

Níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtukọ̀, àpótí kékeré kan wà tí ọwọ́ iná wà lára rẹ̀. Atukọ̀ gbé ọwọ́ lé e. Ohun kankan kò dún nínú rẹ̀.

3:47. Wọ́n bọ́ kúrò nínú ewéko. Atukọ̀ fi iná sí i. Ìyá gbóòórùn rọ́bà tó ń jó, ó ní bóyá àwọn kan ń sun táyà létí omi. Ó wo etí omi. Ó jìnnà.

3:52. Ẹ́ńjìnnì ké lẹ́ẹ̀kan, irin lórí irin, ó sì dúró.

Atukọ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Nǹkan kan ṣe "tọ́" nínú lọ́hùn-ún. Ó tún yí i. "Tọ́." Ó lọ sẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ lé ìdérí, ó fà á padà kíá. Ó fi àkísà dì í mú, ó sì ṣí i. Ọ̀dà orí ẹ́ńjìnnì ti wú, ó ti là.

Ní 4:10, ìyá pe ẹni tó ta ọkọ̀ fún un. Ó gbé e. Ariwo àwọn ọmọdé wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó tutù, Màmá. Tó bá tutù, á ṣiṣẹ́." Ní 4:50, ó ti tutù, kò ṣiṣẹ́. Ìyá tún pè. Fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó pè ní 4:52. Ó pè ní 5:03. Lẹ́yìn náà ó pe Bàyékú, wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tó máa wá fa ọkọ̀ náà.

Atẹ́gùn láti ìhà òkun ti gbéra. Ó ń gbé wọn lọ síbi tí wọn kò fẹ́. Atukọ̀ ṣí àpótí iwájú ọkọ̀ láti mú ìdákọ̀ró. Okùn ló bá níbẹ̀, òpin rẹ̀ kò so mọ́ nǹkan kan. Àjẹ̀ kan ṣoṣo ló wà. Ó wà á títí ìka rẹ̀ fi bó. Omi ọ̀sà kò jìn níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n níbi tí àwọn oníyanrìn ti ń wa ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kò mọ ìsàlẹ̀.

Ìyá wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì tó dára fún ọmọ, ó fún atukọ̀ ní ìkejì. Ó wọ èyí tí kò ní ìdè, ó sì fi ọ̀já so ó mọ́ àyà. Yìnyín ń yọ́. Omi ẹja ń ṣàn lábẹ́ kúlà, ó ń gba abẹ́ pákó lọ.

6:31. Oòrùn wọ̀. Ọkọ̀ èrò kì í rìn lálẹ́ lórí omi yìí, òfin kò gbà á. Àwọn tó máa ń rìn ni àwọn tí kò lè dúró lójijì.

6:48. Atukọ̀ rí iná kan tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ ní apá ọ̀tún. Ọkọ̀ afàgẹdú ni. Gẹdú tí wọ́n so pọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gùn lọ rẹrẹẹrẹ, wọ́n tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bò wọ́n. Kò sí iná lórí wọn. Ọkọ̀ afàgẹdú ti kọjá tán kí atukọ̀ tó mọ̀ pé gẹdú náà kò tíì kọjá, àti pé àwọn ni wọ́n dojú kọ.

Ó kígbe. Ìyá tan iná fóònù, ó ń jù ú sókè sódò. Ẹnì kan dáhùn láti orí gẹdú ní èdè Ìlàjẹ. Ìtì igi àkọ́kọ́ kan ìdí ọkọ̀, ó yí i. Atukọ̀ fi àjẹ̀ tì í. Èkejì kàn án. Ọkùnrin orí gẹdú fi ọ̀pá rẹ̀ gún ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó gbé gbogbo ara lé e, ó sì ń bá wọn rìn bẹ́ẹ̀ lórí igi dé ibi tí igi parí sí. Ní 6:57, gẹdú ti lọ. Ọmọ náà kò sunkún. Ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, wọn kò sì lè já ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ní 7:10, ọkọ̀ ìpẹja kan tí wọ́n rán láti Bàyékú dé. Ẹ́ńjìnnì 15 ló ní. Wọ́n so okùn tí kò ní ìdákọ̀ró mọ́ ọn. Ó fà wọ́n délé ní 8:05.

Ní èbúté Bàyékú, àwọn obìnrin ti dáná. Wọ́n ṣa ẹja tó ṣì ṣeé yan, wọ́n da ìyókù nù. Ìyá kò bá wọn ṣà á. Ó jókòó lórí kúlà kan.

8:30. Mẹkáníìkì dé pẹ̀lú iná orí. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí, níbi tí pọ́ǹpù wà. Kó tó fi sípánà kan bóòtù, ó pe atukọ̀ kó wá wò ó. Iyọ̀ àti ìpẹtà ti sé orí gbogbo wọn, kò sì sí ibi tí wọ́n ti là. Ó béèrè ìgbà tí wọ́n ní àwọn ṣí i kẹ́yìn. "Oṣù tó kọjá," ni atukọ̀ wí. Mẹkáníìkì kò fèsì. Bóòtù kẹta ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní 8:55, ó yọ rọ́bà náà jáde. Apá mẹ́fà ló yẹ kó ní. Méjì ló kù, wọ́n sì ti le. Mẹ́rin yòókù ti já, wọ́n ti bá omi wọ inú ẹ́ńjìnnì lọ, níbi tí wọ́n ti lè dí ọ̀nà fún omi.

9:05. Ọmọ àbúrò ìyá dé láti Ìkòròdú. Lọ́yà ni. Ó kí ìyá, ó kí àwọn àgbà tó wà níbẹ̀, ó sì béèrè ìwé. Ó kà á lábẹ́ iná mẹkáníìkì. Ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ̀ kò kan ẹ́ńjìnnì.

"Mọ̀ọ́mì, ṣé ọkùnrin yìí máa ń ta ọkọ̀?"

"Rárá o. Tiẹ̀ ló tà. Ó ń lọ sí Kánádà."

Ó mí kanlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ yìí ti máa ń kú. Òfin Títa Ọjà tí Èkó ń lò, ara òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1893 ni wọ́n ti fà á yọ. Abala 14 òfin 1893 náà ní ọjà gbọ́dọ̀ yẹ fún ohun tí wọ́n rà á fún, àmọ́ oníṣòwò irú ọjà bẹ́ẹ̀ ló di ẹrù náà lé lórí. Ẹni tó ta nǹkan ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti bọ́. Bí olùrà bá sì ti yẹ ọjà wò, àbùkù tó yẹ kó rí di tirẹ̀. Lọ́yà mọ ẹjọ́ Stevenson àti Rogers, níbi tí apẹja kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ta ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀, Jelle, ní 1988. Ní 1998, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní ara òwò rẹ̀ ni títà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹja ló ń tà, kì í ṣe ọkọ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n ti tún ṣe ni wọ́n fi dá a, kì í ṣe ti 1893. Ọ̀gá Badore kò tilẹ̀ fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣòwò rárá. Ìyá yẹ ọkọ̀ wò, atukọ̀ rí omi tó ń ro, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ìwé. Ọ̀rọ̀ rọ́bà pọ́ǹpù tí ọ̀gá sọ lẹ́nu lè di irọ́ tó ta ọjà, ṣùgbọ́n yóò ní òun kò sọ ọ́, yóò sì nawọ́ ìwé sí adájọ́.

9:22. Mẹkáníìkì ti kúrò ní ẹsẹ̀, ó ti dé orí. "Ẹ wo èyí." Ó na ìka sí wáyà kékeré kan, aláwọ̀ píńkì. Téèpù dúdú wé mọ́ ọn, ó ń dán. Ó tú u. Wáyà náà ti gé sí méjì, egé náà tọ́, bàbà inú rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Gbogbo bàbà mìíràn tó hàn nínú ẹ́ńjìnnì náà ló ti sọ àwọ̀ nù. Wáyà yìí ló ń gbé ìròyìn ooru lọ sí àpótí ọwọ́ iná. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná jù, nǹkan kan nínú àpótí á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kò sì ní dákẹ́ títí wọ́n á fi pa á.

Mẹkáníìkì ti mú ọ̀bẹ láti bó orí wáyà, kó so ó padà. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́!"

Lọ́yà ya fọ́tò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin. Ó ya bóòtù, ó ya rọ́bà, ó ya téèpù. Ó ní kí atukọ̀ kọ ohun tó rí láti àárọ̀, àti aago. Lẹ́yìn náà ló sọ fún ìyá nípa ẹjọ́ Schneider àti Heath, 1813. Ọkọ̀ òkun kan ni wọ́n tà pé kí olùrà gbà á pẹ̀lú gbogbo àbùkù rẹ̀. Kòkòrò ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Orí ilẹ̀ ló wà tẹ́lẹ̀, níbi tí ojú ti lè rí i; wọ́n tì í sínú omi kí wọ́n tó tà á, kí olùrà má baà rí ìsàlẹ̀ náà. Adájọ́ ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè gba ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ bo àbùkù mọ́lẹ̀.

"Tó bá jẹ́ òun ló gé e," ni ìyá wí.

"Tá a bá lè fi hàn pé òun ni."

Iye owó náà kò kọjá mílíọ̀nù márùn-ún, ẹjọ́ náà sì lè lọ sí kóòtù tí Èkó dá sílẹ̀ ní 2018 fún ẹjọ́ owó kékeré, níbi tí wọ́n fẹ́ kí ìdájọ́ jáde láàárín ọjọ́ 60. Ẹjọ́ owó tí iye rẹ̀ dájú ni kóòtù náà ń gbọ́. Lọ́yà ní kí ìyá gbàgbé ẹja, kó gbàgbé yìnyín, kó béèrè ₦3,800,000 nìkan. Oṣù kìíní ni ọ̀gá ń lọ sí Kánádà. Ìyá ka oṣù lórí ìka.

Ní Badore, ọlọ́dẹ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tó gba ipò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.

10:12 alẹ́. Lọ́yà fi fóònù tirẹ̀ pe ọ̀gá, nọ́ńbà tí kò mọ̀. Ó gbé e. Lọ́yà tẹ ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. Ó sọ ẹni tó jẹ́. Ó ní ẹ́ńjìnnì ti kú, ìyá sì fẹ́ gba owó rẹ̀ padà. Kò fi nǹkan kan kún un.

"Màmá ti fọwọ́ sí ìwé. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, bí wọ́n ṣe rí i ni wọ́n gbà á. Ọkọ̀ àlòkù ni, mi kì í ṣe ilé-iṣẹ́."

"Mo ti ka ìwé náà, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Tó bá sì jẹ́ torí wáyà yẹn, ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti gé e. Ariwo ẹ̀ máa ń da àwọn ọmọ láàmú."

Mẹkáníìkì gbé orí sókè.

Lọ́yà wo aago, ó kọ ọ́ sílẹ̀: 10:16. "Wáyà wo, sà?"

Ìlà já.

Ní 10:31, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù ìyá. Ọ̀gá ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn parí ẹ̀ láàárín ara àwọn, òun á san mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ lọ́la. Ìyá ní kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ó bi lọ́yà ní aago tí wọ́n máa ń ṣí kóòtù lọ́jọ́ Mọ́ńdè.